Àkànní, Ìwọ Nìkan Lo Mú Kọ́kọ́rọ́ Méjèèjì Lọ́wọ́

Ìjẹ̀bú-Òde,
Ọjọ́ Ẹtì.

Àkànní ọmọ mi,

Ṣé dáadáa lo wà? Ìyàwó rẹ ńkọ́? Tòmíwá ńkọ́? Ara àwa náà le, a dúpẹ́. Ìyá rẹ ní kí n kúkú pè ọ́, ṣùgbọ́n bí mo bá pè ọ́, wàá ní "Bẹ́ẹ̀ ni sà, mo ti gbọ́ sà," ọ̀rọ̀ á sì parí síbẹ̀. Èyí, mo fẹ́ kí o kà á, kí o tún un kà.

Lọ́jọ́ Ìṣẹ́gun, mo lọ lẹ táyà lọ́dọ̀ fọganáísà ní Ìta-Ọ̀ṣun. "Bàbá Báńkì" ló máa ń pè mí láti ọjọ́ yìí wá. Lọ́jọ́ náà, "Bàbá Bitcoin" ló fi kí mi. Ó fa fóònù yọ, ọwọ́ rẹ̀ dúdú fún epo, ó sì fi fídíò rẹ hàn mí, èyí tí o ṣe lọ́jọ́ Ojúde Ọba. Aṣọ régbérégbé rẹ yẹ ọ́, inú mi kọ́kọ́ dùn. Àfi bí mo ṣe rí i pé iwájú géètì wa lo dúró sí. Nọ́ńbà mọ́tò hàn ketekete. Nọ́ńbà ilé hàn lára ògiri. Lẹ́yìn náà ni o yí fóònù rẹ kejì síta, tí gbogbo ayé sì rí iye dọ́là tó wà níbẹ̀. Ọmọ iṣẹ́ fọganáísà ka iye náà sókè, ó súfèé. Àwọn ọkùnrin méjì kan tí n kò rí rí, tí wọ́n jókòó lórí bẹ́ǹṣì, na ọrùn wò ó. Ọ̀kan bi mí pé, "Bàbá, ilé yín nìyẹn, àbí?" Ó lè jẹ́ ọmọlúàbí ènìyàn. Ṣùgbọ́n èmi tí mo kọ́ ilé náà fúnra mi, n kò lè sọ pé bẹ́ẹ̀ ni.

Má rò pé àgbàlagbà tí ohun tuntun ń bà lẹ́rù ló ń bá ọ wí. Nígbà tí Báńkì Àpapọ̀ ní kí àwọn báńkì ti àkáǹtì àwọn tó ń ṣe kírípítò, owó orí ayélujára bíi Bitcoin, ní February 2021, ọ̀dọ̀ mi lo sá wá, mo sì ní kí o fara balẹ̀. Nígbà tí wọ́n dẹ ọwọ́ rẹ̀ ní December 2023, èmi ni mo kọ́kọ́ pè ọ́. Mo mọ̀ pé òógùn rẹ ni owó yìí.

Ṣùgbọ́n jẹ́ kí n fi iṣẹ́ tí mo ṣe jẹun ṣàlàyé. Yàrá owó ní ẹ̀ka tí mo ti ṣiṣẹ́ ní kọ́kọ́rọ́ méjì. Ọ̀kan wà lọ́wọ́ mi, ìkejì wà lọ́wọ́ ẹlòmíràn tó ń gbé òdìkejì ìlú. Èmi nìkan kò lè ṣí i, òun nìkan kò lè ṣí i. Ohun tó ń jẹ́ kí n rí oorun sùn nìyẹn. Bí adigunjalè bá ká mi mọ́lé lóru, kí ni mo fẹ́ fún un? Ìlàjì ìlẹ̀kùn. Bí owó bá sì jáde lọ́nà àìtọ́, a lè tètè ké sí báńkì kejì pé kí wọ́n dì í mú.

Kírípítò kò ní mánéjà tí a lè ké sí. Bí owó bá ti lọ, ó lọ nìyẹn. Ẹni tó bá mọ ọ̀rọ̀ 12 tàbí 24 tó jẹ́ kọ́kọ́rọ́ rẹ̀ ló ni ín. Olè ọlọ́gbọ́n kò ní í da ara rẹ̀ láàmú lórí kọ̀ǹpútà rẹ, ara rẹ ni yóò wá. Bí kò bá sì rí ọ, yóò wá ẹni tí o fẹ́ràn.

Ní January 2025, ní ilẹ̀ Faransé, wọ́n jí ọ̀kan nínú àwọn tó dá Ledger sílẹ̀ gbé pẹ̀lú ìyàwó rẹ̀. Ledger ni ilé iṣẹ́ tó ń ṣe ẹ̀rọ kékeré tí ẹ fi ń tọ́jú kọ́kọ́rọ́ owó yín. Wọ́n gé ìka ọkùnrin náà kí ọlọ́pàá tó gbà wọ́n sílẹ̀. Ní May ọdún kan náà, ní Paris, bàbá ẹnì kan tó rí owó nídìí kírípítò ni wọ́n gbé. Bàbá o, Àkànní, kì í ṣe ọmọ. Wọ́n gé ìka òun náà. Kò pẹ́ sí i, wọ́n fẹ́ wọ́ obìnrin kan tó wà pẹ̀lú ọmọ rẹ̀ kékeré sínú ọkọ̀ ní ojú títì, ní ojúmọmọ, torí pé bàbá obìnrin náà ni ọ̀gá ilé iṣẹ́ kírípítò kan. Ọkọ rẹ̀ ló bá wọn wọ̀yá ìjà tí àwọn ará àdúgbò fi dé. Nígbà tí mo ka èyí, Tòmíwá ni mo rí.

Ìyá rẹ kò mọ nǹkan kan nínú èyí. Aago márùn-ún ìdájí ló ṣì ń ṣí géètì lọ sí ọjà Òkè-Ajé.

Kí o pa fídíò yẹn rẹ́ lónìí. Mo mọ̀ pé àwọn kan ti gbà á sílẹ̀, síbẹ̀ pa á rẹ́. Yọ àwòrán Tòmíwá tó wọ yunifọ́ọ̀mù, orúkọ ilé ẹ̀kọ́ rẹ̀ wà láyà rẹ̀. Bí o bá ń bọ̀ nílé, má kéde rẹ̀ rárá. Bí o bá ti padà dé Èkó ni kí o gbé fọ́tò síta. Má bá ẹni tí o kò mọ̀ pàdé torí pé ó fẹ́ ra USDT, kírípítò tí iye rẹ̀ ń bá dọ́là rìn, lọ́wọ́ rẹ. Má sì fi àdírẹ́sì wallet rẹ, ìyẹn nọ́ńbà àpò kírípítò rẹ, hàn ní gbangba, torí ẹni tó bá ti mọ̀ pé tìrẹ ni yóò máa wo gbogbo owó tó ń wọlé àti èyí tó ń jáde, bí ẹni ń wo ojú ọjà.

Èyí tó ká mi lára jù ni ti kọ́kọ́rọ́. Mo gbọ́ pé ẹ ní ohun tí ẹ ń pè ní multisig, tí kọ́kọ́rọ́ kan kò fi lè dá gbé owó. Ohun tí à ń ṣe ní báńkì náà ni. Ṣe é, kí kọ́kọ́rọ́ kejì má sí nínú ilé tí ò ń sùn, kó má sì sí nínú ilé tiwa. Ìwọ̀nba díẹ̀ ni kó wà nínú fóònù tí ò ń gbé kiri. Bí ọjọ́ burúkú bá fẹ́ dé, kí Ọlọ́run má jẹ̀ẹ́, gbé díẹ̀ yẹn fún wọn kíákíá, má bá wọn jà. Mo lè fara da kí o tún bẹ̀rẹ̀ láti òdo. Ìyókù, n kò lè fara dà á.

Ìyá rẹ di gàrí àti àpò obì kékeré kan fún yín, awakọ̀ yóò gbé e dé Ọjọ́ Àbámẹ́ta. Má fi fọ́tò rẹ̀ sórí státọ́ọ̀sì, má sì dárúkọ ibi tó ti wá. Mo ti ní kí akunlé wá kun nọ́ńbà ara ògiri yẹn lọ́dà lọ́la. Bí o bá ti pa fídíò náà rẹ́, pè mí, bó ti wù kí alẹ́ ti lẹ́ tó. N kò ní í tíì sùn.

Èmi ni bàbá rẹ.