Ta ni yóò gbọ́ bùkátà ọmọ tó fẹ́ di onímọ̀ sáyẹ́ǹsì?

Ọ̀gá Olóòtú,

Ẹ kú iṣẹ́ ìròyìn o. Ọjà Olúwo l'Ẹ̀pẹ́ ni mo ti ń ta ẹja. Ọmọ mi obìnrin kẹ́kọ̀ọ́ nípa ẹja ní yunifásítì, ó sì ń ṣe másítáàsì lọ́wọ́. Láàárọ̀, á wá sídìí àtẹ mi, á wọn ọ̀bọ̀kún, á la inú èyí tí mo bá yọ̀ǹda fún un, á wá kọ bí ẹyin inú rẹ̀ ṣe pọ̀ tó sínú ìwé. Ó fẹ́ mọ ìdí tí ọ̀bọ̀kún ọ̀sà kì í fi tóbi bíi ti tẹ́lẹ̀ mọ́. Èmi tí mo ń tà á náà fẹ́ mọ̀ ọ́n.

Ohun tó ń dùn mí ni pé ẹ̀kọ́ tí wọ́n ní kò ní ju ọdún méjì lọ ti wọ ọdún kẹrin. Orí kejì ìwé ìwádìí rẹ̀ ṣì wà lọ́dọ̀ olùkọ́ rẹ̀, wọn ò tíì kà á. Àpò èmi àti òun la sì ń ná.

TETFund, àjọ ìjọba àpapọ̀ tó ń fówó ran àwọn ilé-ẹ̀kọ́ gíga ìjọba lọ́wọ́, tí wọ́n dá sílẹ̀ lọ́dún 2011, ń rán àwọn olùkọ́ lọ kàwé sí i. Ó dáa gan-an, ṣùgbọ́n ẹni tó ti níṣẹ́ lọ́wọ́ ni ètò yẹn wà fún. L'Amẹ́ríkà, ọ̀pọ̀ akẹ́kọ̀ọ́ PhD sáyẹ́ǹsì kì í san owó ilé-ìwé. Wọ́n tún ń gba owó oṣù bí wọ́n ṣe ń ṣèrànwọ́ nínú kíláàsì àti ìwádìí. Ṣé ó wá yẹ kó yà wá lẹ́nu pé àwọn ọmọ wa ń lọ?

Ìjọba Èkó sọ Poli Ìkòròdú di yunifásítì sáyẹ́ǹsì lọ́dún 2022. Mo bẹ̀ wọ́n, kí wọ́n gba irú àwọn ọmọ yìí síbẹ̀ bí igbákejì olùkọ́, kí wọ́n máa sanwó fún wọn títí wọn yóò fi gba PhD.

Ìyá Ọlọ́bọ̀kún,
Ọjà Olúwo, Ẹ̀pẹ́.