Ẹ jẹ́ kí fídíò Gẹ̀lẹ̀dẹ́ wa ṣeé wò

Ẹ̀yin olóòtú wa, ẹ kú iṣẹ́ o. Kétu ní ilẹ̀ Benin níbí ni mo ti ń kọ̀wé, àwọn tó ń gbé fídíò Gẹ̀lẹ̀dẹ́ sórí sáìtì ẹgbẹ́ ni mo fẹ́ bá sọ̀rọ̀. Ẹ jọ̀ọ́ ẹ má gbé 4K, fídíò ńlá tó mọ́ gan-an yẹn, bó ṣe jáde nínú kámẹ́rà síbẹ̀, mẹ́gà dátà wọ́n! Ẹ dín ìwọ̀n àwòrán rẹ̀ kù sí 720p, kẹ́ ẹ fi H.264 fún àwòrán pọ̀ nínú fáìlì MP4, kẹ́ ẹ fi AAC fún ohùn pọ̀, fóònù kékeré pàápàá á gbé e. Tẹ́ ẹ bá lo 2 Mbps (ìyẹn ìwọ̀n dátà tí fídíò ń lò ní ìṣẹ́jú-àáyá kan), ìṣẹ́jú kan á jẹ nǹkan bíi 15 MB, 8 Mbps á jẹ 60. Àmọ́ ẹ má dín in jù o, torí tí Gẹ̀lẹ̀dẹ́ bá ti ń jó, tí gbogbo ọ̀já aláràbarà yẹn ń fò, ṣe ni àwòrán á di búlọ́ọ̀kù búlọ́ọ̀kù, a ò ní rí ẹsẹ̀ ijó mọ́. Ẹ fún ohùn ní 128 kbps, ọ̀rọ̀ inú orin Ẹ̀fẹ̀ la fẹ́ gbọ́ yékéyéké. Ẹ sì mú "Web Optimized" nínú HandBrake, ètò kọ̀ǹpútà tí wọ́n fi ń dín fídíò kù, òun ló ń jẹ́ kí fídíò bẹ̀rẹ̀ kó tó wọlé tán. (Ti YouTube yàtọ̀, àwọn fúnra wọn máa ń tún un ṣe.) Àwọn ọmọ wa ní Kútọnu àti Faransé ń retí ẹ̀, ẹ bá wa ṣe é kí ọdún tó ń bọ̀ tó dé.

Òǹkàwé yín, Kétu