Ọ̀rọ̀ ara káàdì ni òfin eré

Sí Olóòtú,

Inú mi dùn sí ìròyìn tí ẹ gbé jáde nípa àwọn ọ̀dọ́ tó ń fi ìtàn ilẹ̀ wa ṣe káàdì, irú eré tí ẹnì kọ̀ọ̀kan ti máa ń ṣa káàdì tirẹ̀ jọ kí ó tó jókòó ti ẹni tí wọn yóò jọ ta á. Ní Ògbómọ̀ṣọ́ níbí, mo ti rí èyí tí wọ́n ya Ṣọ̀ún Ògúnlọlá sí, pẹ̀lú Ẹlẹ́mọ̀ṣọ́ tí ìtàn ìlú wa ní ó ṣẹ́gun, àwòrán náà sì jojú ní gbèsè. Ọ̀rọ̀ tí wọ́n kọ sábẹ́ àwòrán ni mo fẹ́ sọ̀rọ̀ lé lórí, nítorí pé ẹni tó bá náwó nára sórí àwòrán, tí kò sì ka ọ̀rọ̀ ibẹ̀ sí, ó fi ẹ̀tẹ̀ sílẹ̀, ó ń pa làpálàpá.

Whot tí tọmọdé tàgbà mọ̀ kò ní wàhálà yìí, nítorí nọ́ńbà àti àwòrán ló kún ara rẹ̀, ẹnu la sì fi ń sọ òfin rẹ̀: àdúgbò kan á ní 5 ń fún èèyàn ní káàdì mẹ́ta, òmíràn á ní kò sí ohun tó jọ ọ́, wọn á sì ti fẹnu kò kí wọ́n tó pín káàdì. Nínú eré tí mo ń sọ yìí, káàdì kọ̀ọ̀kan ló gbé òfin tirẹ̀ dání. Ìwé òfin Magic: The Gathering, eré tí Richard Garfield ṣe, tó jáde ní ọdún 1993, sọ ọ́ kedere pé bí ọ̀rọ̀ ara káàdì bá takò ìwé òfin, ti káàdì ni kí a tẹ̀lé.

Garfield pàápàá kò kọ ọ́ re níbẹ̀rẹ̀. Nígbà tí wọ́n ṣì ń dán eré náà wò, ó kọ ọ́ sára káàdì kan pé alátakò yóò pàdánù ìgbà tó kàn. Ohun tó ní lọ́kàn ni pé kí wọ́n fo alátakò náà lẹ́ẹ̀kan. Ṣùgbọ́n ẹnì kan nínú àwọn tó ń bá a dán an wò gbà pé tó bá ti tún kan alátakò, eré ti bọ́ mọ́ ọn lọ́wọ́ nìyẹn. Nígbà tí káàdì náà máa fi jáde lórúkọ Time Walk, ohun tí wọ́n kọ sí i ni pé kí ẹni tó lò ó tún ta lẹ́ẹ̀kan sí i lẹ́yìn èyí tó ń ta lọ́wọ́. Àwọn tó ń ṣe Yu-Gi-Oh!, eré káàdì mìíràn irú rẹ̀, náà tún ọ̀nà ìkọ̀wé wọn ṣe ní ọdún 2011: ohun tó bá ṣáájú àmì : ń sọ ìgbà tí a lè lo káàdì, èyí tó bá ṣáájú àmì ; ń sọ ohun tí a ó kọ́kọ́ san tàbí tí a ó kọ́kọ́ ṣe, ìyókù ni ohun tí yóò ṣẹlẹ̀.

Ẹ wá wo káàdì Ògúnlọlá tí mo rí, bí wọ́n ṣe tẹ̀ ẹ́ gan-an: “Nigba ti Ogunlola ba pa jagunjagun, eni to ni i yoo mu kaadi meji.” Ta ni ẹni tó ni ín? Ẹni tó ni Ògúnlọlá ní èrè ìṣẹ́gun òun ni. Ẹni tí wọ́n pa jagunjagun rẹ̀ ní gbà-má-bínú òun ni. Kò sì sí èyí tó purọ́ nínú wọn. Ibo ni wọ́n tilẹ̀ ti fẹ́ mú káàdì ọ̀hún, ṣé láti orí òkìtì ni àbí lọ́wọ́ alátakò? Ká ní wọ́n kọ ọ́ pé, “Nígbàkígbà tí Ògúnlọlá bá pa jagunjagun alátakò rẹ, mú káàdì méjì láti orí òkìtì rẹ,” àríyànjiyàn ìbá tán. Kí “mú” sì jẹ́ “mú” lára gbogbo káàdì. Kí ó má di “fà” lára èyí, kí ó tún di “ṣà” lára ìyẹn, nítorí ẹni tó ń ta á yóò rò pé nǹkan ọ̀tọ̀ ni. Nínú ewì, irú àrà bẹ́ẹ̀ dùn. Nínú òfin, ìjà ló ń dá sílẹ̀.

Àìfi àmì sórí ọ̀rọ̀ ló wá burú jù. Káàdì Ẹlẹ́mọ̀ṣọ́ ní, “O le so kaadi re nu.” Ẹ bá mi kà á. Ó lè jẹ́ “O lè sọ káàdì rẹ nù,” ó lè jẹ́ “O lè sọ káàdì rẹ̀ nù,” ó sì lè jẹ́ “Ó lè sọ káàdì rẹ nù.” Àkọ́kọ́ ní kí n sọ tèmi nù bí mo bá fẹ́, ìkejì fi ti alátakò lé mi lọ́wọ́, ìkẹta fún alátakò láṣẹ lórí tèmi. Àwọn atẹ̀wé kan máa ń ní ẹ̀rọ àwọn kò gba àmì, pé àpótí kéékèèké ló ń hàn dípò lẹ́tà. Ẹ̀rọ kọ́ ló fà á, irú lẹ́tà tí wọ́n yàn ni kò ní in. Noto Sans àti Charis SIL gba gbogbo àmì Yorùbá, ọ̀fẹ́ sì ni méjèèjì.

Oríkì tí wọ́n ń kọ sí ìsàlẹ̀ káàdì wù mí púpọ̀, àmọ́ kí wọ́n fi lẹ́tà tó tẹ̀ sí ẹ̀gbẹ́ kan kọ ọ́, bí àwọn oní-Magic ṣe ń ṣe, kí ẹnikẹ́ni má baà rí i kà pé akọni kan “jẹ ìlú run”, kí ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í kó gbogbo káàdì alátakò kúrò nílẹ̀.

Kí wọ́n tó gbé iṣẹ́ lọ sọ́dọ̀ atẹ̀wé, kí wọ́n fún ẹni tí kò sí níbi tí wọ́n ti ṣe é ní káàdì náà, kí ó kà á sókè, kí ó sì sọ ohun tí òun yóò ṣe. Bí wọ́n bá ti ní láti là á yé e, kí wọ́n tún un kọ. Ẹ̀yin náà, Olóòtú, bí ẹ bá tún fẹ́ fi àwọn káàdì náà han òǹkàwé, ẹ jọ̀wọ́, ẹ tẹ ọ̀rọ̀ ara wọn pẹ̀lú àmì, nítorí pé èyí tí ẹ gbé jáde kò ní ẹyọ kan.

Èmi ni tiyín,
Olùkọ́ èdè Yorùbá kan,
Ògbómọ̀ṣọ́.