Lẹ́tà sí àbúrò mi tó ń gbá díféńsì

Àbúrò mi,

Màmá ti ọjà Ọba dé, wọ́n ní o ti fẹ́ fi ẹgbẹ́ yẹn sílẹ̀ torí ẹ ti já sí lígì kejì, pé àwọn tẹ́ ẹ jọ ń gbá bọ́ọ̀lù ti ń di ẹrù wọn. Mi ò ní kí o má lọ o. Ọ̀rọ̀ Franco Baresi, ọmọ Ítálì tó gbá díféńsì fún AC Milan, ni mo fẹ́ sọ fún ẹ, torí láti Òkè-Àró níbí ni mo ti mọ̀ ẹ́ sí ẹni tó máa ń dúró lẹ́yìn tí gbogbo èèyàn bá sáré lọ iwájú.

Inter, ẹgbẹ́ kejì ní ìlú Milan, mú ẹ̀gbọ́n ẹ̀ Giuseppe, wọ́n ní Franco kéré jù, ló bá gba AC Milan lọ. Ó gba lígì pẹ̀lú wọn ní 1979, ọdún kejì wọ́n já Milan sí Serie B, lígì kejì tiwọn, nítorí ẹjọ́ tẹ́tẹ́, wọ́n gòkè padà, ní 1982 wọ́n tún já, bọ́ọ̀lù ni wọn ò gbá dáadáa lọ́tẹ̀ yẹn. Ọdún yẹn gan-an ló wà nínú ikọ̀ Ítálì tó gba World Cup o! Serie B náà ló padà sí, wọ́n sì fi í ṣe balógun, ọmọ ọdún 22.

Kò ga. Á ti mọ ibi tí bọ́ọ̀lù ń lọ kó tó débẹ̀, á nawọ́ sókè, gbogbo ìlà ẹ̀yìn á jọ sún síwájú, sítíráíkà á bá ara ẹ̀ ní ọfúsáìdì. Òun, Tassotti, Costacurta àti Maldini, ọjọ́ ti pẹ́ tí wọ́n ti jọ wà, ìwọ náà mọ̀ pé kò sí kóòṣì tó lè fi oṣù kan kọ́ èèyàn nírú ẹ̀. Ife Yúróòpù 1989 àti 1990, ibẹ̀ ló ti wá.

Ìgbà tí Ítálì fi 2-1 lé Nàìjíríà wálé ní World Cup 1994, kò sí ní pápá, wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ ṣiṣẹ́ abẹ fún un lórúnkún ni. Kò pé oṣù kan tó fi gbá fáínà pẹ̀lú Brazil, ìṣẹ́jú 120, wọn ò rí góòlù kan jẹ. Ó gbá pẹnárítì tiẹ̀ sókè, ó sunkún, mo sì fẹ́ràn ẹ̀ sí i.

Àmọ́ Milan ń sanwó fún un o. Tí ẹgbẹ́ tìẹ bá ń jẹ ẹ́ lówó oṣù, má jẹ́ kẹ́nikẹ́ni fi ìfẹ́ ẹgbẹ́ dè ẹ́ mọ́lẹ̀, kò sẹ́ni tó lè pè ẹ́ ní ọ̀dàlẹ̀. Ṣùgbọ́n tí wọ́n bá ń san án, tó jẹ́ pé ojú lígì kejì yẹn nìkan ló ń tì ẹ́, jọ̀ọ́ dúró, kí ẹ jọ gòkè padà.

Má tíì fọwọ́ sí nǹkan kan fún ejẹ́ǹtì yẹn, fi ìwé ẹ̀ ránṣẹ́ sí mi lórí WhatsApp kí n kà á ná.

Ẹ̀gbọ́n ẹ, Àkúrẹ́.