Ọ̀rọ̀ sí àwọn oníbàárà wa: ìdí tí a kò fi ní gbé sípíríǹgì tuntun lé ṣọ́ọ̀kù àtijọ́ mọ́

Ẹ̀yin oníbàárà wa, mo kí yín o. Mo mọ̀ pé inú ń bí àwọn kan nínú yín sí wa, nítorí ohun tí a yí padà nínú iṣẹ́ rírẹ mọ́tò sílẹ̀. Mo ti ka gbogbo ohun tí ẹ fi ránṣẹ́ láti ọjọ́ Ajé, mo sì ti gbọ́ èyí tí àwọn kan ń sọ lẹ́yìn, pé a ti lówó tán, a ti gbàgbé àwọn tó sọ wá dèèyàn. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ gbọ́ tẹnu mi.

Ohun tó yí padà rèé. Ẹni tó bá fẹ́ ká rẹ mọ́tò òun sílẹ̀ kó sún mọ́ ilẹ̀, sípíríǹgì mẹ́rin (irin lílọ́ tó gbé mọ́tò dúró) àti ṣọ́ọ̀kù mẹ́rin (èyí tí kì í jẹ́ kí mọ́tò máa fò) ló máa rà pọ̀. A kò ní bá ẹnikẹ́ni gé sípíríǹgì kúrú mọ́, ì báà jẹ́ ọ̀rẹ́, ì báà jẹ́ ẹbí. Owó iṣẹ́ kúrò ní 60,000 náírà, ó di 85,000, aláímẹ́ǹtì, ìyẹn títo táyà kó dọ́gba, sì wà nínú rẹ̀. Ẹ ó san owó ọjà pé kí n tó lọ rà á.

Owó pípé yìí ló dun ọ̀pọ̀ yín jù. Ẹ jẹ́ kí n sọ ohun tí ojú mi rí.

Ọkùnrin kan wà tí mo ti ń ra ọjà lọ́wọ́ rẹ̀ fún ọdún 11. Ó wá síbi ìkómọ ọmọ mi kejì. Bí owó kò bá sí lọ́wọ́ mi, á ní kí n máa gbé ọjà lọ, èmi náà kò sì jẹ́ kí gbèsè rẹ̀ pé ọjọ́ méje rí. Oṣù mẹ́ta sẹ́yìn, mo ra ṣọ́ọ̀kù mẹ́rin lọ́wọ́ rẹ̀ fún Golf 4 oníbàárà wa kan. Inú páálí ni wọ́n wà, ọ̀rá ṣì wà lára wọn. Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta kò tíì pé tí ọlọ́kọ̀ fi padà dé, ó ní ẹ̀yìn mọ́tò ń fò lórí bọ́ǹpù. Mo wo abẹ́ rẹ̀, epo ti bo ṣọ́ọ̀kù ẹ̀yìn méjèèjì. Mo tú wọn, mo fi ọ̀bẹ ha ara ọ̀kan: ọ̀dà àtijọ́ ló wà lábẹ́ ọ̀dà tuntun. Ọ̀pá àárín rẹ̀ ti dípẹtà tẹ́lẹ̀, sáńpépà ni wọ́n fi nù ún. Tòkunbọ̀ tó ti kú ni wọ́n kùn tà fún mi ní owó tuntun.

Mo pe ọkùnrin tó tà wọ́n fún mi. Ó ní èmi ni n kò mọ̀ ọ́n dè. Èmi! Ọdún méjì ni mo lò lẹ́nu iṣẹ́ kí ọ̀gá mi tó jẹ́ kí n dá sípíríǹgì fún pọ̀, torí tó bá já mọ́ èèyàn lọ́wọ́, ó lè pa á. Mo fi owó ara mi ra ṣọ́ọ̀kù mẹ́rin míì. Ọlọ́kọ̀ kò san kọ́bọ̀ lé e, ṣùgbọ́n ó ti sọ fún gbogbo àwọn ọ̀rẹ́ rẹ̀ pé ayédèrú la ń dè. Ìyẹn dùn mí ju owó lọ.

Ní báyìí, ọ̀dọ̀ àwọn tó ń kó ọjà wọlé fúnra wọn ni mò ń rà, wọn kì í tà láwìn. Dọ́là ni wọ́n fi ń ṣírò. Kí wọ́n tó tú náírà sílẹ̀ kí ọjà máa pinnu iye rẹ̀ lóṣù kẹfà ọdún 2023, dọ́là kan kò tó 500 náírà ní báńkì. Kí ọdún 2024 tó parí, ó ti kọjá 1,500. Bẹ́ẹ̀ ilẹ̀ Jámánì ni sípíríǹgì Eibach àti H&R ti ń wá.

Àwọn kan ní ṣọ́ọ̀kù àwọn ṣì dára. Ó dára fún gíga tí wọ́n ṣe é fún. Sípíríǹgì tó rẹ mọ́tò sílẹ̀ ní mìlímítà 30 sábà máa ń le ju ti tẹ́lẹ̀ lọ, ọ̀pá ṣọ́ọ̀kù á sì rì wọlé ju bó ṣe yẹ lọ. Ẹ bá bọ́ sí kòtò kékeré báyìí, ọ̀pá yẹn ti gbá ìdí ṣọ́ọ̀kù. Ìdí rèé tí ilé iṣẹ́ Bilstein fi ṣe ṣọ́ọ̀kù B8 kúrú fún mọ́tò tó ti wálẹ̀. Ti gígé tún burú jù: iná wẹ́dà ń pa agbára irin, bí táyà bá sì kúrò nílẹ̀, sípíríǹgì tó kúrú lè yọ kúrò ní ààyè rẹ̀. N kò fẹ́ kí irú ọkọ̀ bẹ́ẹ̀ ti ọwọ́ mi jáde bọ́ sí ọ̀nà Ìbàdàn sí Èkó.

A ó máa ya fọ́tò ọjà ránṣẹ́ sí yín kí a tó dè é. Ẹ lè wá dúró tì wá.

Mo mọ̀ pé wọ́n ń ṣe é ní owó tó kéré níbòmíì. N kò ní bínú sí ẹni tó bá lọ, ṣùgbọ́n mo bẹ̀ yín, ẹ má gbé e padà wá kí n tún un ṣe lọ́fẹ̀ẹ́. Ẹni tó bá ti san ohunkóhun sílẹ̀ kí n tó kọ èyí, iye àtijọ́ la ó gbà lọ́wọ́ rẹ̀.

Ẹ̀yin tí ẹ ni Golf yẹn, bí ẹ bá ń ka èyí, ṣọ́ọ̀kù mẹ́rẹ̀ẹ̀rin tí a tú wà lórí tábìlì lẹ́nu ọ̀nà ṣọ́ọ̀bù. Ẹ wá fi ojú ara yín rí wọn, kí ẹ sì mú àwọn ọ̀rẹ́ yín dání.