Ẹ jẹ́ ká máa sáré pọ̀, ká sì máa wo fíìmù pọ̀

Olóòtú mi àtàtà,

Ẹ kú iṣẹ́, ẹ kú ọdún, ẹ sì kú làálàá ìwé ìròyìn Yorùbá lásìkò tí gbogbo nǹkan gbówó lórí yìí. Ọ̀rọ̀ eré tá a sá l'Abẹ́òkúta níbí lásìkò Kérésì ló mú mi kọ̀wé, àti ọ̀rọ̀ fíìmù, torí lójú tèmi ọ̀rọ̀ kan náà ni.

Àwọn ọ̀dọ́ àdúgbò ló dá eré ọ̀hún sílẹ̀, kì í ṣe ìjọba, kì í ṣe kọ́ńpìnnì, kò sì sówó kankan fẹ́ni tó bá gba ipò kìíní. Kútò la ti gbéra nídàájí, a gba Sápọ́n, a já sí Ìtòkú, ó di ìdí Olúmọ. Ẹni tó bá mọ Abẹ́òkúta á mọ̀ pé kò sílẹ̀ tó tẹ́jú níbẹ̀ yẹn, bẹ́ ẹ ṣe ń sọ̀ kalẹ̀ tára ń tù yín ni òkè míì á tún yọ níwájú. Àwọn ọmọdé dé fìlà pupa Kérésì, àwọn ìyá kan wọ bùbá àdìrẹ lé ṣòkòtò, bàbá kan tó ti fẹ̀yìn tì lẹ́nu iṣẹ́ tíṣà wọ kánfáàsì tó fi ẹfun kùn títí tó fi ń dán, a ń kọrin, a ń sáré, ẹni tó rẹ̀ ń rìn, kò sẹ́ni tó ń lé ẹnì kankan. Mo gbádùn ẹ̀ gan-an ni.

Ìtòkú ló wọ̀ mí lára jù. Àwọn ìyá aládìrẹ ṣẹ̀ṣẹ̀ ń kó ọjà síta nígbà tá a débẹ̀, ìyá kan tí aró ti pa ọwọ́ ẹ̀ láró títí dé ọrùn ọwọ́ ń fi eyín já píọ̀ wọ́tà létí, ó ń nà án sí wa lọ́kọ̀ọ̀kan, bó bá sì ti dá ọmọ kan mọ̀ á bẹ̀rẹ̀ sí í kì í ní oríkì ilé bàbá ẹ̀. Ọmọkùnrin kan ti jókòó sílẹ̀ pé òun ò lè lọ mọ́, ìyá yẹn kì í, ọmọ yẹn dìde fùú, àfi bíi pé ẹnì kan fà á sókè!

Nírọ̀lẹ́ a wá pé jọ sí pálọ̀ aládùúgbò mi, a wo fíìmù Lísàbí tó jáde lórí Netflix ní 2024. Lateef Adedimeji ló ṣe Lísàbí akọni Ẹ̀gbá, òun náà ló ṣe Àyìnlá olórin àpàlà nínú fíìmù Túndé Kèlání ní 2021, èyí tí wọ́n yà nígboro Abẹ́òkúta wa níbí. Èmi fẹ́ràn bí àwọn fíìmù tuntun yìí ṣe ń sọ Yorùbá tó jinlẹ̀, tí òwe ń dún nínú ẹ̀, àmọ́ nínú ti Lísàbí, ì bá wù mí kí wọ́n túbọ̀ pẹ́ lóko ju ojú ogun lọ. Torí kì í ṣe ogun ni Lísàbí fi bẹ̀rẹ̀ o, àáró ni. Ó kó àwọn àgbẹ̀ jọ pé kí wọ́n máa bára wọn ṣiṣẹ́ oko, lónìí oko tèmi, lọ́la tìẹ, inú àáró yẹn sì ni Ẹgbẹ́ Olórógùn ti jáde, àwọn tó gbéjà ko àwọn ajẹ́lẹ̀ Ọ̀yọ́ tó ń gba ìṣákọ́lẹ̀ lọ́wọ́ Ẹ̀gbá. Ọmọ kan bi mí pé ṣé orí Olúmọ ló ti jà, mo ní rárá, igbó Ẹ̀gbá làwọn baba wa ṣì wà nígbà yẹn, Lísàbí ti kú tipẹ́ kí Ṣódẹkẹ́ olórí Ẹ̀gbá tó kó wọn dé abẹ́ Olúmọ ní 1830. Ká ló jẹ́ pé òun nìkan ló wò ó lórí fóònù, ta ni ì bá bi?

Ohun tí mo fẹ́ kẹ́ ẹ bá mi sọ síta nìyẹn. Ẹ̀yin ará Adátán, Aṣéró, Ọbáńtòkó àti Láfẹ́ńwá, ẹ má dúró de ìjọba. Ẹ sọ fáwọn lanlọ́ọ̀dù ṣáájú ọjọ́ náà, ẹ bẹ nọ́ọ̀sì àdúgbò kan kó bá yín lọ, ẹ tètè bẹ̀rẹ̀ kí oòrùn àti ọ̀kadà tó gba títì, tó bá dalẹ́ kẹ́ ẹ jọ wo fíìmù. Ẹ̀yin olóòtú náà, ẹ jọ̀ọ́, ẹ yọ̀ǹda ojú ìwé kan fún irú ìròyìn àdúgbò báyìí. Ìlú wa níbí ni wọ́n ti tẹ Ìwé Ìròyìn Yorùbá àkọ́kọ́ ní 1859, ẹni tó wọ̀lú àtẹni tó jáde nílùú wà lára ohun tí wọ́n ń kọ síbẹ̀. Àwa náà máa fi fọ́tò ránṣẹ́ bá a bá tún sáré nígbà Àjíǹde.

Èmi ni tiyín,
Òǹkàwé yín láti Ìbarà, Abẹ́òkúta