Lẹ́ẹ̀dì ọwọ́ ọ̀gá wa

Kúnlé ọ̀rẹ́ mi,

Báwo lọ̀hún, òtútù ńkọ́? Ó ti pẹ́ tí mo ti fẹ́ kọ eléyìí, voice note ì bá yá jù, àmọ́ ṣọ́ọ̀bù kì í dá, mi ò sì fẹ́ kẹ́nikẹ́ni gbọ́. Ìyàwó mi ti bí, obìnrin ni, ara àwọn méjèèjì le, Àríkẹ́ la ń pè é. Owó tó o fi ránṣẹ́ dé ọwọ́ màmá ẹ, wọ́n ti fi ṣe páànù ẹ̀yìnkùlé.

Ọ̀rọ̀ ọ̀gá ni mo fẹ́ bá ẹ sọ.

O rántí ínfátà pásítọ̀ ní Mókọ́lá, 24 volt yẹn, èyí tá a jọ gbé gun òkè lọ́jọ́ òjò yẹn. Ó tún padà wá o, ẹ̀ẹ̀mẹ́ta láàárín oṣù méjì. Tí wọ́n bá tàn án láàárọ̀ á ṣiṣẹ́, tó bá ti gbóná díẹ̀ báyìí á kú, tó bá tutù á tún jí. Ìwọ náà ti mọ̀ ọ́n, dry joint ni, ibi tí lẹ́ẹ̀dì tá a fi ń jó ẹsẹ̀ mọ́ bọ́ọ̀dù ò ti dì í mú dáadáa. Ọ̀gá fúnra wọn ló pààrọ̀ MOSFET inú ẹ̀, ẹ̀yà ẹlẹ́sẹ̀ mẹ́ta tó ń ṣí iná tó sì ń tì í yẹn, wọn ò tiẹ̀ jẹ́ kí n fọwọ́ kàn án.

Lálẹ́ Friday, nígbà tí wọ́n ti lọ sílé, mo tú u, mo fi awò wò ó. Kúnlé, àyà mi já. Lẹ́ẹ̀dì yẹn kàn kó jọ róbótó sídìí ẹsẹ̀ MOSFET bí omi orí ewé kókò, kò tẹ́ sílẹ̀, kò mú bàbà yẹn rárá, òrùka dúdú tín-ín-rín kan sì yí ẹsẹ̀ àárín ká. Mo fi tweezers mì í báyìí, ó ń jó nínú ihò ẹ̀. Ọwọ́ ọ̀gá wa nìyẹn o! Àwọn tó máa ń gbá wa lọ́wọ́ tí joint ò bá dán, tí wọ́n á ní ká tú u ká tún un jó.

Ojú wọn ni mo kọ́kọ́ dá lẹ́bi, torí wọ́n ti ń na ìwé jìnnà kí wọ́n tó kà á, wọ́n sì kọ̀ láti lọ ṣàyẹ̀wò. Ìgbà tó yá ni mo wo róòlù lẹ́ẹ̀dì tí wọ́n lò, ọmọ iṣẹ́ tuntun ló rà á lọ́jà. Sn99.3 Cu0.7 ló wà lára ẹ̀, tin pẹ̀lú bàbà díẹ̀ ni, kò sí òjé nínú ẹ̀ rárá, irú tó wọ́pọ̀ lọ́dọ̀ yín látìgbà tí òfin Yúróòpù ti lé òjé kúrò nínú ẹ̀rọ tuntun ní July 2006. 60/40 tá a fi kọ́ṣẹ́, tin ọgọ́ta òjé ogójì, 183 degree ló ti ń yọ́, kó tó dé 200 ó ti di omi. Eléyìí, ó di 227 kó tó gbà. Áyọ̀n tí ọ̀gá fi ń jó lẹ́ẹ̀dì ṣì ni ti 40 watt ayé ìjọ́sí yẹn, iná NẸ́PÀ ò sì ń pé, bẹ́ẹ̀ bàbà ńlá ni ẹsẹ̀ MOSFET yẹn jókòó lé, ó ń fa ooru bí ilẹ̀ gbígbẹ ṣe ń fa omi. Lẹ́ẹ̀dì á yọ́ lẹ́nu áyọ̀n lóòótọ́, àmọ́ bàbà ò gbóná tó láti gbà á. Ẹni tójú ẹ̀ dá á rí i pé kò ṣàn, á dúró dè é. Ọ̀gá ò rí i. Ohun tó ń dùn mí nìyẹn.

Mo fa lẹ́ẹ̀dì yẹn kúrò pátápátá, mo fi spírítì fọ ibẹ̀, mo rọra ha bàbà tó ti dúdú yẹn títí ó fi pọ́n, mo fi péèsìtì rosin díẹ̀ sí i, kì í ṣe ti àwọn tó ń jó páìpù, ìyẹn tó máa ń jẹ bọ́ọ̀dù títí á fi hu àwọ̀ ewé. Mo sún áyọ̀n tèmi sí 370, ẹnu ẹ̀ tó fẹ̀ ni mo fi sí i, mo nù ún lára fóòmù tútù, mo fi lẹ́ẹ̀dì pa á lẹ́nu, mo wá fi kan ẹsẹ̀ àti bàbà pọ̀ lẹ́ẹ̀kan náà, mo ka ení, èjì, ẹ̀ta, kí n tó ti 60/40 bọ̀ ọ́ láti òdìkejì. O mọ ìgbà tó máa ń sáré wọlé yẹn, tó kàn dédé tẹ́ pẹrẹsẹ, tó ń dán, tó fà mọ́ ẹsẹ̀ yẹn lọ sókè. Inú mi dùn díẹ̀. Ẹ̀yìn ìyẹn mo jókòó síbẹ̀, ojú ń ta mí.

Mi ò sọ fún wọn. Lọ́jọ́ Monday wọ́n tàn án, ó ṣiṣẹ́ di alẹ́, wọ́n ní ṣé mo rí i, àwọn ará ilé pásítọ̀ ló ń lò ó nílòkulò. Mo ní bẹ́ẹ̀ ni sà. Ọmọ iṣẹ́ wò mí, mo ṣẹ́jú sí i.

Àmọ́ bọ́ọ̀dù mẹ́rin mìíràn ṣì wà nílẹ̀ tí wọ́n fi róòlù yẹn jó. Róòlù, mo ti gbé e pamọ́. Dídúró sẹ́yìn lálẹ́ yìí ni mi ò lè máa ṣe títí, ọmọ ọwọ́ ń bẹ nílé.

Jọ̀ọ́, awò kan wà tí wọ́n máa ń dè mórí, tó ní iná níwájú, àwọn tó ń tún aago ṣe máa ń lò ó. Bá mi wá a, kó má ṣe olówó ńlá. Orúkọ tìẹ ni kó o kọ sí i o, kó o ní o rí i lo bá rántí ọ̀gá. Tó bá jẹ́ èmi ni mo rà á, wọ́n á ní mò ń sọ pé ojú àwọn ti lọ. Tìẹ, àárọ̀ ọjọ́ tó bá dé ni wọ́n máa dè é mórí, wọ́n á fi han gbogbo Mókọ́lá. Tó o bá sì pè wọ́n, má dárúkọ ínfátà. Sáà bi wọ́n léèrè ojú, ìwọ ni wọ́n máa dá lóhùn.

Ẹ̀gbọ́n ẹ tó ń bọ̀ ní December á lè gbé e, àbí? Tètè fèsì.

Èmi ni,
Ṣẹ́gun